Òwú Tí Gbémiga Fi Wọn Amẹ́ríkà

Kí Gbémiga Ọládèjì tó gba iṣẹ́ kankan, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Máìlì mélòó ni?" Kì í bèèrè ẹni tí òun fẹ́ gbé, kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi wa bọ́ọ̀sì ńlá oníjòókòó mẹ́tàléláàádọ́ta fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Thamesmead. Ó ti gbé ẹgbẹ́ akọrin, ó ti gbé ọmọ iléèwé, ó ti gbé àwọn tó ń lọ sìnkú àti àwọn tó ń lọ gba atẹ́gùn létíkun. Ohun tó rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀nà kì í purọ́. Èèyàn lè ní òun lówó, ó lè ní òun ò lówó. Igba máìlì ò mọ ìyẹn, iye epo tó máa jẹ náà ló máa jẹ.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Doyinsọ́lá, pè é láti Amẹ́ríkà ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé yunifásítì òun ti fi líìgì tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, pé ó ti lọ bọ́ sí òmíràn, Gbémiga wà ní yáàdì, ó ń yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ó ń wo taya. Ó dúró.

"Doyin, máìlì mélòó ló wà láàárín yín àti àwọn tuntun yìí?"

"Daddy, máìlì kọ́ ni problem. Owó ni."

"Nǹkan kan náà ni," ni Gbémiga wí, ó sì wọnú ọkọ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni Doyinsọ́lá. Iṣẹ́ tó gbé e dé Amẹ́ríkà kò ju kó sáré, kó fẹsẹ̀ tẹ pátákó funfun kan, kó fò sínú iyanrìn, kí wọ́n wá fi tépù wọn ibi tó balẹ̀ sí. Pápá Erith ló ti kọ́ ọ. Gbémiga ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún méje, òjò ni o, yìnyín ni o. Nígbà tí ọmọ náà fò kọjá mítà mẹ́fà, yunifásítì kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà fún un ní sikọ́láṣípù: owó iléèwé, yàrá, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta dọ́là lọ́dún. Gbémiga ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀, Títílayọ̀, fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní ọdọọdún ni wọn yóò máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ó rí i. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni Doyin ṣàlàyé ọ̀rọ̀ líìgì náà fún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì máa ń kó ara wọn jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti bára wọn díje. Kọ́nfáráǹsì ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀ rí, aládùúgbò ló ń bá aládùúgbò ṣe é, ẹni tí bọ́ọ̀sì lè gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó sì gbé padà kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n ń dé akoto gbá, ló ń mú owó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kọ́nfáráǹsì tí Doyin bá wọn nínú rẹ̀ ń pín mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là fún iléèwé kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Èyí tó wá pè wọ́n ń pín ọgbọ̀n. Ta ni yóò gbọ́ ọgbọ̀n tí yóò jókòó ti mẹ́sàn-án? Wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Wọn ò bi àwọn tó ń fò sínú iyanrìn léèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Gbémiga tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sórí tábìlì ìjẹun. Ó fa òwú dúdú yọ nínú agolo ìránṣọ Títílayọ̀, ó fi ń wọn ọ̀nà. Iléèwé tó jìnnà jù nínú ọ̀wọ́ àtijọ́, òwú náà kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ: wákàtí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì. Nínú ọ̀wọ́ tuntun, èyí tó sún mọ́ wọn jù lé ní ẹgbẹ̀rin máìlì. Èyí tó jìnnà jù wà létí òkun, òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ìwé.

Ibẹ̀ ni Títílayọ̀ bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Daddy Doyin, kí lẹ̀ ń rán?"

"Amẹ́ríkà ni. Ó ti ya." Ó fi òwú hàn án. "Wò ó, Títí. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ò ní jáde nílé ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún. Àwọn bíi Doyin, àwọn tó ń wẹ̀ lódò, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí nẹ́ẹ̀tì, àwọn ni wọ́n ń jáde ṣáá. Ta ló máa san owó bàálù wọn?"

"Ṣé kì í ṣe mílíọ̀nù ọgbọ̀n náà ni?"

"Ọgbọ̀n ti lórúkọ kó tó délé. Wọ́n máa fi gba kóòṣì bọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n máa fi sanwó oṣù fún àwọn tó ń gbá a. Bọ́ọ̀lù ló jẹun, àwọn yòókù ni yóò fọ àwo."

"Ẹ má fi ẹnu yín fa aburú wá bá ọmọ mi o."

"Ìṣirò kì í ṣe aburú," ni Gbémiga wí. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ wo ojú fèrèsé, ó padà wá, ó tún wọ̀n ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kóòṣì tó ń kọ́ Doyin ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí àwọn òbí rẹ̀ lórí fídíò. Gbémiga wọ kóòtù lókè, ó wọ ṣòkòtò ilé nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó dé fìlà iléèwé, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó yin Doyin títí ojú Títílayọ̀ fi ń tàn. Ó wá ní ọ̀nà jíjìn ti jẹ nínú owó òun, pé òun ń rò ó láti dín sikọ́láṣípù ọmọ náà kù sí ìdajì lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni ìdílé rí sí i?

Nígbà tí Gbémiga jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Ṣàgámù, bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà fa ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni bàbá rẹ̀ níbí o. Ohunkóhun tó o bá ṣe, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà." Ó dà bíi pé ó ti tú ọmọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá ló fi ọ̀rọ̀ so. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá yẹn kò lè jẹ ẹran kí ọmọ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ máa lá ọbẹ̀ lásán. Gbogbo àdúgbò ni yóò bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá nìyẹn.

Gbémiga tún tàì rẹ̀ ṣe. Ó sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ó kàn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ni. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ohunkóhun tí ẹ bá pinnu, a wà lẹ́yìn yín."

Ara tu kóòṣì. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun kì í sábà rí irú ìdílé báyìí. Nínú àpótí tirẹ̀ lórí fídíò, Doyin la ẹnu, ó tún pa á dé.

Nígbà tí fídíò kú tán, Títílayọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

"Mo ti so ó mọ́lẹ̀. Ojú á tì í."

Ojú ò tì í. Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé: iléèwé dúpẹ́ fún òye àti ìfọwọ́sí ìdílé, sikọ́láṣípù ọdún tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ìdajì, kí Doyin buwọ́ lù ú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò pẹ́ tí lẹ́tà wọlé tí Doyin fi pè.

"Daddy, why? Ẹ sọ fún un pé yes!"

"Èmi? Mo ní yes?"

"Ẹ ní whatever he decides. Whatever! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti wà nínú fáìlì."

"Doyin, bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn."

"Ní Ṣàgámù, Daddy! Ní Ṣàgámù! Mi ò lè ṣiṣẹ́ níta iléèwé, físà mi ò gbà. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ń polówó bàtà, èmi ò lè polówó gààrí. Níbo ni mo ti máa rí twenty-six thousand? Tí mi ò bá rí i, mo máa wá sílé nìyẹn o, lẹ́yìn ọdún méjì, láìsí ìwé ẹ̀rí."

Láti ọjọ́ náà ìdí Gbémiga kò gbà á lórí àga. Tó bá jókòó jẹun, yóò dìde lọ wo mítà iná. Títílayọ̀ ní òun á fi iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kún iṣẹ́ òun. Gbémiga ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà á, òun sì ti mọ iye tí ẹ̀yìn ń náni. Ó ro títà mọ́tò ilé. Mọ́tò ilé kò tó ọdún kan oúnjẹ níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣírò gbogbo nǹkan, tó ń ṣírò títí kan omi tó ń kán ní ẹ̀rọ, ẹnu ara rẹ̀ ló gbàgbé láti ṣírò.

Ní ọjọ́ Sátidé ó jáde nílé láìmọ ibi tó ń lọ. Ó rìn gba Harrow Manorway lọ, ó rìn ín bọ̀, ó wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, ó ń bá awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì lórí ìjókòó èrò. Ní Beresford Square, ẹnì kan ké pè é láti ẹ̀yìn òkìtì bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì.

"Uncle Gbémiga! Ṣíìtì lẹ fẹ́ rà àbí ẹ̀ ń ta ìrònú?"

Sakeenah ni. Òun àti Doyin ló jọ ń lọ sí pápá Erith tẹ́lẹ̀. Irin rìbìtì tí wọ́n ń jù ni tirẹ̀. Ó ti ṣáájú Doyin lọ sí Amẹ́ríkà, iléèwé mìíràn, ó sì ti padà wálé ní ọdún tó kọjá. Ní ṣọ́ọ̀pù ìta ìyá rẹ̀ ló wà báyìí.

"Tí mo bá ta ìrònú, èló lo máa rà á?"

"Ẹ máa gbé e lọ, Uncle, tèmi kún ilé."

Gbémiga rẹ́rìn-ín, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Sakeenah pa ṣíìtì tó ń ká tì.

"Uncle, ẹ sọ pé whatever?"

"Mo sọ ọ́."

"Yéè! Èmi náà sọ ọ́ o. Wọ́n kó wa sí yàrá kan, wọ́n ní iléèwé ń lọ sí kọ́nfáráǹsì olówó, pé wọn ò ní lè máa gbé àwa tá à ń ju irin kiri mọ́. Ọ̀gá wọn bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní, 'Thank you, sir.' Mummy mi kọ́ mi dáadáa! 'Thank you, sir' yẹn náà ló gbé mi dé ìdí ṣíìtì."

"Kí ló yẹ kó o sọ?"

"No. Kí n sì dákẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dín owó ẹ kù, wọ́n ní rule: o lè ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹ, àwọn mìíràn ló máa jókòó, kì í ṣe kóòṣì. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ bíi èèrà. Mi ò kà á dé ibẹ̀."

Gbémiga ti ń gbé lẹ́tà náà kiri nínú àpò. Ó tú u. Ó wọ awò ojú. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ gbogbo ìdúpẹ́. Òun tó máa ń ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìbínú kò jẹ́ kó ka èyí tán lẹ́ẹ̀kan.

Ó ra àpò ìrọ̀rí méjì lọ́wọ́ Sakeenah. Ọmọ náà dá pọ́n-ùn mẹ́jọ lé e. Ó san márùn-ún. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó padà, ó sì fi mẹ́ta tó kù sórí tábìlì.

Gbémiga pe Doyin, ọmọ náà sì kọ̀wé sí iléèwé lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun. Wọ́n dá Tọ́sìdeè, agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ti London. Gbémiga ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà: àwọn ọmọ iléèwé kan tí yóò gbé lọ wo Thames Barrier. Ọ̀gá yáàdì ní kò sí ẹni tó lè bá a gba ọjọ́ náà. Ó ṣírò rẹ̀. Ìsinmi tí òfin ní kí awakọ̀ gbà jẹ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ìsinmi tirẹ̀ ní mẹ́ta ààbọ̀ gééré, yóò tó.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì òfìfo ni Gbémiga ti gbọ́ ẹjọ́, ó so fóònù mọ́ iwájú ọkọ̀, ìjókòó mẹ́tàléláàádọ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìjọ tí kò wá. Ẹni mẹ́ta ló jókòó: obìnrin méjì, ọkùnrin kan. Doyin wà nínú àpótí kan, kóòṣì wà nínú òmíràn.

Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ka iye máìlì àtijọ́, ó ka iye máìlì tuntun, ó ka mílíọ̀nù tó wọlé àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kó san owó ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò. Nígbà tó ṣe tán, kóòṣì rọra gbé ìwé kan sókè.

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá rẹ̀ ti gbà." Ó ka ọ̀rọ̀ náà jáde, ohunkóhun tí ẹ bá pinnu, bó ṣe jáde lẹ́nu Gbémiga gan-an.

Ooru mú Gbémiga. "Mo sọ ọ́," ni ó wí. "Níbi tí mo ti wá, a máa ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ báyẹn kí ojú lè máa ti ọ̀gá láti fi ìyà jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mo gbà. Ẹ̀bẹ̀ ni."

Obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, tí irun rẹ̀ ti funfun, bọ́ awò rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ẹni ogún ọdún ni ọmọ yín. Ẹ ò lè bá a gbà, ẹ ò sì lè bá a kọ̀." Ó kọjú sí kóòṣì. "Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó gbà?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè."

Nǹkan méjì kọ lu Gbémiga pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ ẹ́ lọ́kàn kò tẹ̀wọ̀n rárá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ, pẹ̀lú gbogbo máìlì inú rẹ̀, kò tẹ̀wọ̀n bákan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà pe orúkọ Doyinsọ́lá bó ṣe lè pè é. Doyin kọ́kọ́ wo àpótí bàbá rẹ̀. Ó mọ́ ọn lára. Ẹnu Gbémiga ti là, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò pa gbohùngbohùn fóònù ara rẹ̀.

"No," ni Doyin wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mi ò gbà. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo fo mítà mẹ́fà àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà fún iléèwé yìí nínú kọ́nfáráǹsì tí bọ́ọ̀sì ń gbé wa dé. Èmi ò kúrò níbi tí mo wà. Ẹ̀yin lẹ kúrò."

Wọ́n ní àwọn á fèsì láàárín wákàtí kan. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń lu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Ìsinmi ku ìṣẹ́jú méjì.

Awakọ̀ kì í fọwọ́ kan fóònù. Gbémiga sọ tirẹ̀ sínú báàgì, ó gbéra. Wọn ò tíì kọjá Woolwich tó fi dún nínú báàgì. Ó tún dún ní Plumstead Road, níbi tí ọkọ̀ ti tò gbọọrọ. Obìnrin olùkọ́ tó jókòó níwájú na ọrùn. "Awakọ̀, fóònù yín o."

"Ó mọ̀ pé mò ń wakọ̀," ni Gbémiga wí, ó sì di ìdarí ọkọ̀ mú bíi pé ó fẹ́ já a.

Nígbà tí wọ́n dé iléèwé ní Thamesmead, ó jẹ́ kí gbogbo ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo abẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan fún ohun tí wọ́n gbàgbé, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́. Ó rí ìbọ̀wọ́ kan àti ike omi. Ìgbà náà ló tó yọ fóònù.

Doyin ti kọ ọ́: "Full! Gbogbo ẹ̀! Ṣùgbọ́n next year nìkan. Wọ́n ní after that, no promise." Èkejì wà lábẹ́ rẹ̀: "Mo ti ń wo iléèwé mẹ́ta mìíràn fún final year. Tó bá dé ibẹ̀, èmi ni màá sọ̀rọ̀, Daddy."

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó tẹ́ àwòrán Amẹ́ríkà, ó ṣí agolo ìránṣọ, ó tú u dà sórí tábìlì.

"Títí, òwú dúdú mi dà?"

"Òwú ta ni? Ó wà lára bọ́tìnì ẹ̀wù iṣẹ́ yín, láti àná."

Gbémiga wo àyà rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Iléèwé mẹ́ta lọmọ yìí dárúkọ. Mo fẹ́ wọ̀n wọ́n."

"Òun ti wọ̀n wọ́n. Ẹ bi í."

Gbémiga wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ká a. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Doyin, àwọn mẹ́ta yẹn, máìlì mélòó?"

"Àkọ́kọ́, igba àti ogún sí ibi tó jìnnà jù tí wọ́n ń lọ. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀, Daddy."

"Bọ́ọ̀sì?" Gbémiga jókòó. Ìdí rẹ̀ kò tíì bá àga sọ̀rọ̀ tán tó fi tún dìde. "Ta ló ń wà á?"